K Tó Wà Lára Ilẹ̀kùn Tíṣà

Mubarakah tó ń ta omi inú ọ̀rá ló kọ́kọ́ ta Olúrẹ̀mí lólobó. Ọmọbìnrin náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí fóònù. Ó kàn ní, "Mà, ẹ pe Alhájà. Ẹ bi wọ́n nípa ilẹ̀kùn Tíṣà." Bàbá Simeon, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà. Olúrẹ̀mí wà ní Abúlé Ẹ̀gbá nígbà náà. Ó lọ tọ́jú Tolú ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kónílé-ó-gbélé sì ká a mọ́bẹ̀. Alhájà Sìdíkátù, igbákejì alága ẹgbẹ́ àdúgbò wọn ní Ìgàndó, fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ. Ohun tí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà nìyí.

[Fóònù ń dún. Ó dún títí, ó kù díẹ̀ kó dákẹ́ kí wọ́n tó gbé e.]

SÌDÍKÁTÙ: Hẹ̀lóò? Ta nìyẹn?

OLÚRẸ̀MÍ: Ẹ káàárọ̀ mà, Alhájà. Èmi ni, Ìyá Tolú.

SÌDÍKÁTÙ: Akọ̀wé wa. Abúlé Ẹ̀gbá ti gbà ẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ pátápátá. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta.

OLÚRẸ̀MÍ: Ó tó ọjọ́ mẹ́ta mà. Ilé ńkọ́? Sódìq ọmọ yín ńkọ́?

SÌDÍKÁTÙ: A wà. Ìyá ìkókó ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?

OLÚRẸ̀MÍ: Wọ́n wà dáadáa. Ọmọ ń fa ọmú bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ọmú máa wọ́n lọ́la.

SÌDÍKÁTÙ: Ó mọ ìgbà tó wá sáyé. Kí lẹ sọ ọ́?

OLÚRẸ̀MÍ: Olúwakáyọ̀dé.

SÌDÍKÁTÙ: Ó dáa. Kí ayọ̀ náà máa yára bọ̀ ṣá, ọ̀nà ti dí.

OLÚRẸ̀MÍ: Àmín. Alhájà, ṣé ọkọ̀ káńsù ti dé?

SÌDÍKÁTÙ: Ó dé. Àárọ̀ yìí náà ló dé. Wọ́n pín ìrẹsì, wọ́n pín ẹ̀wà. Ìbòmú mi nìkan ni wọ́n ń wò. Gèlè tí mo wé níbi ìsọmọlórúkọ Sódìq ni mo gé, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, aláwọ̀ wúrà yẹn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Màmá, ìbòmú yín ń dán ju ti ọ̀gá wa lọ." Mo ní kó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ kó —

OLÚRẸ̀MÍ: Ṣé wọ́n wo ara ilẹ̀kùn?

SÌDÍKÁTÙ: Ilẹ̀kùn wo?

OLÚRẸ̀MÍ: Àwọn ilẹ̀kùn tí mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sí kí n tó kúrò nílé.

SÌDÍKÁTÙ: Ṣé o gbọ́ mi? Network yìí —

OLÚRẸ̀MÍ: Mò ń gbọ́ yín, mà.

SÌDÍKÁTÙ: Hẹ̀lóò? Ṣé o gbọ́ mi?

OLÚRẸ̀MÍ: Ketekete ni mò ń gbọ́ yín. Báwo ni Tíṣà?

SÌDÍKÁTÙ: Kí lo jẹ láàárọ̀?

OLÚRẸ̀MÍ: Alhájà.

SÌDÍKÁTÙ: Mo ní kí lo jẹ. Ìyá ọlọ́mọ tuntun kì í gbààwẹ̀.

OLÚRẸ̀MÍ: Mo mu ògì. Mubarakah pè mí lánàá —

SÌDÍKÁTÙ: Ọmọ yẹn. Ẹnu rẹ̀ ò lè gbélé.

OLÚRẸ̀MÍ: Kò sọ nǹkan kan. Ó ní kí n bi yín nípa ilẹ̀kùn Tíṣà. Ó ń sunkún. Ọmọ tó máa ń polówó omi ní Ìgàndó tí wọ́n á gbọ́ ọ ní Ìkọ̀tún, ohùn rẹ̀ ò jáde.

SÌDÍKÁTÙ: Hmm.

OLÚRẸ̀MÍ: Ẹ bá mi sọ̀rọ̀, mà.

SÌDÍKÁTÙ: Ìyá Tolú, lẹ́tà tó o kọ yẹn, kí ni wọ́n ń pè é?

OLÚRẸ̀MÍ: K.

SÌDÍKÁTÙ: K. Kí wá ni K?

OLÚRẸ̀MÍ: Kò ní. Àbí ẹ ti gbàgbé ni? Àwọn káńsù ní ká sàmì sára ilé tí nǹkan ti le jù, kí ọkọ̀ lè kọ́kọ́ yà síbẹ̀. Bí àwọn tó ń kán oògùn rọpárọsẹ̀ sọ́mọ lẹ́nu ṣe máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára ògiri. Mo wá kọ K. Kò ní oúnjẹ.

SÌDÍKÁTÙ: Kí ló dé tí o ò kọ ọ́ tán?

OLÚRẸ̀MÍ: Kí n kọ kí ni tán?

SÌDÍKÁTÙ: Kò ní. Kí o kọ gbogbo rẹ̀. Àbí ṣọ́ọ̀kì ló tán?

OLÚRẸ̀MÍ: Sára ilẹ̀kùn ẹni? Kí n kọ "kò ní" sára ilẹ̀kùn Tíṣà, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá máa kà á? Alhájà, mo rò ó títí. Mo ní lẹ́tà kan ṣoṣo tó. Káńsù á mọ̀, àwa náà á mọ̀. Ẹni tó ń kọjá lọ ò ní mọ nǹkan kan.

SÌDÍKÁTÙ: Ẹni tó ń kọjá lọ mọ nǹkan.

OLÚRẸ̀MÍ: Kí ló mọ̀?

SÌDÍKÁTÙ: Kòrónà.

OLÚRẸ̀MÍ: Ẹ wí kí ni?

SÌDÍKÁTÙ: Kòrónà náà, lẹ́tà wo ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

[Ìkókó ń kùn nítòsí fóònù.]

OLÚRẸ̀MÍ: K.

SÌDÍKÁTÙ: Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Èmi ò mọ̀wé, ohun tí wọ́n wí ni mo mọ̀. Àwọn ọmọ iléèwé ló kọ́kọ́ kà á. Wọ́n ní Ìyá Tolú àti káńsù ti sàmì sí ilé tí kòrónà wà. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́.

OLÚRẸ̀MÍ: Mo sọ ọ́ ní ìpàdé —

SÌDÍKÁTÙ: Ìpàdé wo? Báyọ̀dé alága ní kí èrò má pọ̀. Àwa mẹ́rin ló wá. Ìkan jókòó síbí, ìkan jókòó sọ́hùn-ún, bí ìyàwó ilé tó ń bínú síra wọn. Ohun tí ìkejì ń sọ, ìkẹta ò gbọ́.

OLÚRẸ̀MÍ: Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ní kí alága lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì.

SÌDÍKÁTÙ: Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ta ló fẹ́ lọ sún mọ́ géètì tí ọwọ́ gbogbo èèyàn ń kàn, kó dúró máa kàwé? Òjò Sátidé ló kà á tán fún wa.

OLÚRẸ̀MÍ: Áà.

SÌDÍKÁTÙ: Wọn ò ta nǹkan fún àwọn ilé K mọ́. Wọn ò gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Tí wọ́n bá fẹ́ kọjá níwájú wọn, wọ́n á mú èémí dání.

OLÚRẸ̀MÍ: Ilé márùn-ún ni mo kọ ọ́ sí.

SÌDÍKÁTÙ: Mẹ́rin ti nù ún. Ìyá Qonitah fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ tiẹ̀, ọ̀dà ilẹ̀kùn bá a lọ. Táyéwò ní tiẹ̀, ó yọ ilẹ̀kùn, ó dojú rẹ̀ kọ inú ilé. Àwọn nìkan ló ń rí K báyìí.

OLÚRẸ̀MÍ: Tíṣà ńkọ́?

SÌDÍKÁTÙ: Tíṣà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nù ún.

OLÚRẸ̀MÍ: Kí ló dé?

SÌDÍKÁTÙ: Ṣebí ìwọ lo sọ fún wọn. O ní tí K bá parẹ́, ọkọ̀ máa kọjá wọn.

OLÚRẸ̀MÍ: Mo sọ ọ́. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́.

SÌDÍKÁTÙ: Charity ìyàwó wọn gbé omi àti àkísà jáde. Tíṣà gba àkísà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wà lójúde mi, mo ń gbọ́. Wọ́n ní, "Akẹ́kọ̀ọ́ mi ló kọ ọ́. Ṣé o ò rí bó ṣe gún ni?"

OLÚRẸ̀MÍ: Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?

SÌDÍKÁTÙ: Wọ́n ní, "Odindi oṣù mẹ́ta ló fi bá K yìí jà."

OLÚRẸ̀MÍ: Bẹ́ẹ̀ ni. K ló le fún mi jù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń gba ibi tí kò yẹ lọ. Tíṣà ní kí n wò ó bí ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri, tó na ọwọ́ kan sókè, tó na ẹsẹ̀ kan síwájú. Ẹni àádọ́ta ọdún ni mí nígbà yẹn, Alhájà. Mo máa ń fi ìwé pamọ́ sínú abọ́ ẹ̀wà kí àwọn èèyàn má baà rí i pé iléèwé ni mò ń lọ. Tíṣà ò fi mí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan.

SÌDÍKÁTÙ: Wọ́n pe èmi náà. Mo ní ojú mi ò ríran. Irọ́ ni, ojú mi ń ríran dáadáa.

OLÚRẸ̀MÍ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù fún Tíṣà. Kí n bá wọn sọ̀rọ̀.

SÌDÍKÁTÙ: Ṣé o gbọ́ mi?

OLÚRẸ̀MÍ: Mò ń gbọ́ yín.

SÌDÍKÁTÙ: Ṣé o jókòó?

OLÚRẸ̀MÍ: Mo dúró. Ọmọ wà lẹ́yìn mi.

SÌDÍKÁTÙ: Jókòó.

OLÚRẸ̀MÍ: Alhájà, ẹ má sọ ọ́.

SÌDÍKÁTÙ: Mi ò tíì sọ nǹkan kan.

OLÚRẸ̀MÍ: Ẹ má tíì sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná.

[Àga ń wọ́ nílẹ̀.]

OLÚRẸ̀MÍ: Ìgbà wo ni?

SÌDÍKÁTÙ: Ọjọ́ Ajé.

[Olúrẹ̀mí ń sunkún, ó fi aṣọ bo ẹnu. Ọmọ ta jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké.]

SÌDÍKÁTÙ: Rọra. Rọra o, Ìyá Tolú. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ.

OLÚRẸ̀MÍ: Kí ló ṣe wọ́n?

SÌDÍKÁTÙ: Ikọ́ fée wọn náà ni. Ó gbé wọn láàárọ̀. Inhaler tí wọ́n ń fà sẹ́nu ti tán láti Ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n fẹ́ rán Mubarakah sí ilé oògùn, ìyá rẹ̀ ní kò ní gba nǹkan lọ́wọ́ ará ilé yẹn.

OLÚRẸ̀MÍ: Mubarakah. Ohun tó ń sunkún sí nìyẹn.

SÌDÍKÁTÙ: Wisdom oníkẹ̀kẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé iwájú ilé. Ó rí K, ó yí i padà. Kò tiẹ̀ pa ẹ́ńjìnì.

OLÚRẸ̀MÍ: Wisdom tí Tíṣà kọ́ ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́?

SÌDÍKÁTÙ: Òun náà.

OLÚRẸ̀MÍ: Mọ́tò Sódìq ńkọ́? Ṣebí mọ́tò Sódìq wà nílé.

[Ìdákẹ́jẹ́.]

OLÚRẸ̀MÍ: Alhájà? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

SÌDÍKÁTÙ: Mo gbọ́ ẹ.

OLÚRẸ̀MÍ: Mo ní mọ́tò Sódìq —

SÌDÍKÁTÙ: Mo gbọ́ ẹ, mo ní. Mọ́tò wà nílé. Kọ́kọ́rọ́ géètì àdúgbò náà wà lọ́wọ́ mi, lọ́rùn mi níbí. Charity wá kan ilẹ̀kùn wa. Ó kàn án, ó kàn án. Sódìq dìde, mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú. Mo ní ṣé o ò rí K lára ilé wọn ni. Èmi tí mi ò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín K àti ẹsẹ̀ adìẹ nínú iyẹ̀pẹ̀.

OLÚRẸ̀MÍ: Áà, Alhájà.

SÌDÍKÁTÙ: Má dá mi dúró. Tí n bá dúró, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́. Charity bọ́ sójú títì. Ó ń pariwo, "Kò ní. Kò ní." Ó ń nawọ́ sí ilẹ̀kùn wọn. "Kò ní ni, ẹ gbà mí." Mo dúró lẹ́yìn wíńdò. Mo rò pé ó ń jiyàn ni. Mo rò pé ó ń sọ pé ọkọ òun ò ní kòrónà. Mo sọ ọ́ lẹ́nu ara mi pé irọ́ ló ń pa. Ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ là mí lójú láàárọ̀ yìí. Ó ń ka lẹ́tà rẹ fún wa ni.

OLÚRẸ̀MÍ: Ó ń kà á fún yín.

SÌDÍKÁTÙ: Báyọ̀dé pe nọ́ńbà tí wọ́n ní ká máa pè. Wọ́n dé lóòótọ́, wọ́n wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n pè mí pé kí n wá ṣí géètì. Mo ṣí i. Fún wọn ni mo ṣí i. Tíṣà ti lọ.

OLÚRẸ̀MÍ: Ta ló sin wọ́n?

SÌDÍKÁTÙ: Charity, pásítọ̀, àti ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀. Èèyàn mẹ́ta. Tíṣà tó kọ́ ọmọ ẹgbẹ̀rún.

OLÚRẸ̀MÍ: Ọlọ́run mi.

SÌDÍKÁTÙ: Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Èsì dé lánàá. Báyọ̀dé kà á sí wa létí.

OLÚRẸ̀MÍ: Kí ló wà níbẹ̀?

SÌDÍKÁTÙ: Kò ní.

OLÚRẸ̀MÍ: Kí ni?

SÌDÍKÁTÙ: Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Kò ní. Tíṣà ò ní kòrónà rárá.

[Ọmọ ń ké. Láti ọ̀dọ̀ Sìdíkátù, fèrè mọ́tò dún lẹ́ẹ̀kan.]

OLÚRẸ̀MÍ: Mọ́tò ta nìyẹn?

SÌDÍKÁTÙ: Àbúrò Charity ni. Ó wá láti Ẹgbẹ́dá, ó gba ìwé àṣẹ kó tó lè gbé mọ́tò sọ́nà. Ó wá mú un lọ. Ó ti dúró sẹ́yìn géètì.

OLÚRẸ̀MÍ: Mú un lọ síbo?

SÌDÍKÁTÙ: Charity ní òun ò gbé àdúgbò yìí mọ́.

OLÚRẸ̀MÍ: Alhájà, ẹ gbé fóònù fún un. Kó tó lọ. Kí n sọ ohun tí mo kọ fún un.

SÌDÍKÁTÙ: Èmi? Láti Ọjọ́ Ajé, mi ò tíì lè yọjú sí i. Nígbà tó kan ilẹ̀kùn mi, ṣé mo dáhùn ni?

OLÚRẸ̀MÍ: Ẹ lọ, mà. Ẹ jọ̀ọ́. Wọn ò jẹ́ kí n wá, ẹsẹ̀ yín nìkan ni mo ní. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níbí, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

SÌDÍKÁTÙ: Dìde. Má fi ọmọ kúnlẹ̀ fún mi.

OLÚRẸ̀MÍ: Mi ò ní dìde.

SÌDÍKÁTÙ: Ó dáa. Ó dáa, mò ń lọ.

[Ilẹ̀kùn ṣí. Bàtà ń wọ́ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Èémí Sìdíkátù ń lọ sókè sódò.]

SÌDÍKÁTÙ: Ṣé o gbọ́ mi?

OLÚRẸ̀MÍ: Mò ń gbọ́ yín.

SÌDÍKÁTÙ: Mo ti rí i. Ó ń di ẹrù. Àpò kan péré àti àwòrán Tíṣà. Oúnjẹ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

OLÚRẸ̀MÍ: Oúnjẹ wo?

SÌDÍKÁTÙ: Ti káńsù. Ìlọ́po méjì ni wọ́n gbé síbẹ̀. Ọkùnrin tó gbé e wo ara ilẹ̀kùn, ó ní, "K rè é, àwọn ló kọ́kọ́ ń gbà."

OLÚRẸ̀MÍ: Ó kà á?

SÌDÍKÁTÙ: Ó kà á bó o ṣe kọ ọ́. Òun nìkan. [Ohùn rẹ̀ jìnnà sí fóònù.] Charity. Ìyàwó Tíṣà. Ẹ — ẹ kú ìrọ́jú.

[Síìpù àpò ń dún.]

SÌDÍKÁTÙ: Ìyá Tolú ló wà lórí fóònù. Mo ti fi aṣọ nu fóònù náà. Tí o ò bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, mo ti gbé ohùn rẹ̀ síta, ó ń gbọ́ ẹ.

OLÚRẸ̀MÍ: Charity? Charity, kò ní ni. Kò ní ni mo kọ. Mi ò kọ kòrónà. Ọlọ́run ń gbọ́ mi, mi ò mọ̀ pé —

CHARITY: I know, mà.

OLÚRẸ̀MÍ: O mọ̀?

CHARITY: Tíṣà sọ fún mi lọ́jọ́ tí ẹ kọ ọ́. Èmi ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún gbogbo wọn. Tíṣà say no. Ó ní Ìyá Tolú ti bò wá láṣírí, kí èmi má ṣí i. Ó ní kí n fi sílẹ̀, they will come and ask. Nobody ask. Ẹnì kankan ò bi wá.

OLÚRẸ̀MÍ: Charity, dárí jì mí.

CHARITY: Ẹ kọ ọ́ dáadáa, mà. Ó gún. Tíṣà happy, that day. Ó ń wò ó, ó ń wò ó. Ẹ bá mi kí ọmọ tuntun.

OLÚRẸ̀MÍ: Charity, dúró díẹ̀ —

CHARITY: Alhájà. Key géètì.

[Kọ́kọ́rọ́ ń dún mọ́ra. Ó pẹ́ kó tó wọlé. Irin géètì ń han.]

SÌDÍKÁTÙ: Mo ti ṣí i. Ìyàwó Tíṣà, mo ti ṣí i. Jẹ́ kí n bá ẹ gbé —

[Ìṣísẹ̀ ń jìnnà. Ilẹ̀kùn mọ́tò pa dé.]

OLÚRẸ̀MÍ: Alhájà? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ṣé ó gbé oúnjẹ náà?

SÌDÍKÁTÙ: Kò gbé e. Ó gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀.

OLÚRẸ̀MÍ: K ńkọ́? Ṣé ó nù ún?

SÌDÍKÁTÙ: Kò nù ún. Ó wà níbẹ̀. Ó gún, lóòótọ́ ó gún.

OLÚRẸ̀MÍ: Ṣé ó sọ nǹkan fún yín?

SÌDÍKÁTÙ: Kò sọ nǹkan. Wọ́n ti ń lọ. Gbogbo àdúgbò ti jáde sẹ́nu ọ̀nà báyìí. Wisdom wà níbẹ̀. Ìyá Mubarakah wà níbẹ̀. Wọ́n ń juwọ́ sí i.

OLÚRẸ̀MÍ: Ó wẹ̀yìn? Alhájà, ẹ sọ fún mi, ṣé ó wẹ̀yìn?

SÌDÍKÁTÙ: Mọ́tò ti dé ìkóríta. Mò ń rí orí rẹ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ó gbé àwòrán Tíṣà lé itan.

OLÚRẸ̀MÍ: Ṣé ó wẹ̀yìn?

SÌDÍKÁTÙ: Kò wẹ̀yìn. Ṣé o gbọ́ mi? Ìyá Tolú, kò wẹ̀yìn. Ṣé o gbọ́ —

[Ìlà já.]